Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Tí A Pa Tí Kò Kú

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà yóò yọjú sí i kí a tó parí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kí onítọ̀hún fi ara balẹ̀ kà á dé ìdí. Inú ẹ̀rọ yìí ni gbogbo wa ń kó ẹrù wa sí báyìí. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò kì í sọ pé nítorí tí òun kì í ṣe káfíńtà, òun kò ní gbé ojú sókè wo àjà.

Ẹ ó ti bá ohun tí mo fẹ́ sọ yìí pàdé. Ẹ parí iṣẹ́, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Shut down sí. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Ẹ ti ń ká wáyà, ẹ ti ń wá báàgì, àfi bí àmì Windows ṣe tún yọ lójú rẹ̀ bí ẹni pé ẹ kò sọ nǹkan kan. Ẹ tún pa á, ó tún dìde. Nígbà tí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò sì ní pé ìṣẹ́jú méjì tí ọ̀gbẹ́ni náà yóò fi dá ẹjọ́: “Fọ́máàtì ló máa gbà.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, fọ́máàtì, ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Mo ní ẹjọ́ náà kì í ṣe òdodo, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó dá a kò tíì bi ẹ̀rọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Àwọn baba wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Adáhunṣe tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi aláìsàn pé ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, kí ni ó jẹ, ibo ni ó ti ń dùn ún, kí ó tó na ọwọ́ sí èèpo igi. Èwo ni ti ẹni tí ó gbọ́ pé orí ń fọ́ ọmọ, tí ó sì sáré lọ mú àdá?

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n yanjú àpèjúwe kan. Mo ti gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ sí i. Àbíkú ni ẹni tí a bí láti kú: lílọ ni ó ń wù ú, dídúró ni a ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró, ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́. Ẹ̀rọ tiwa yìí kò fẹ́ lọ rárá. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ṣe àpèjúwe, àkúdàáyà ni ó súnmọ́ ọn jù, ẹni tí a ti sin tí wọ́n tún rí níbi tí ó ti ń tajà ní ìlú mìíràn. Àkúdàáyà pàápàá a máa ṣí lọ sí ibi tí a kò ti mọ̀ ọ́n. Orí tábìlì kan náà ni èyí ń jí sí. Ewu tí ó wà nínú àpèjúwe méjèèjì ni pé wọ́n ń jẹ́ kí a rò pé ẹ̀rọ ní ìfẹ́ inú tirẹ̀, pé orí kunkun ni ó ń ṣe. Kò ṣe orí kunkun. Nǹkan kan ni ó pàṣẹ fún un pé kí ó tún dìde. Ẹ jẹ́ kí á wá nǹkan náà rí.

Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà kú, kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà bí àtùpà tí a fẹ́ pa. Windows a kọ́kọ́ ti gbogbo ètò tí ẹ ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a kọjú sí àwọn ètò kékeré tí wọ́n ń pè ní driver, àwọn tí ń ṣe ògbufọ̀ láàárín Windows àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní tirẹ̀, ti ohùn ní tirẹ̀, ti àwòrán ojú ẹ̀rọ ní tirẹ̀. A ní kí oníkálukú wọn jọ̀wọ́ iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dáhùn tán ni àṣẹ ìkẹyìn ń jáde pé kí iná kúrò lára ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan nínú àwọn ògbufọ̀ yìí kò bá dáhùn, tàbí tí ó fọwọ́ kan ibi tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn, Windows yóò ṣubú lulẹ̀ lójú ọ̀nà ibojì. Ìṣubú yẹn ni ojú aláwọ̀ búlúù tí gbogbo yín mọ̀, èyí tí wọ́n sọ di dúdú nínú Windows 11 ní ọdún 2025.

Àjíǹde wá ń kọ́? Nínú Windows XP tí ó jáde ní ọdún 2001, àti nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ti fi àmì sí láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é wá: bí Windows bá ṣubú, kí ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tan. Ojú búlúù náà lè yọ kí ó sì kọjá kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ kò rí i. Ohun tí ẹ rí kò ju pé ẹ̀rọ tí ẹ pa ti jí. Kò sì ṣàìgbọràn: ó ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ rán an, ó wá ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe bí ó bá ṣubú.

Ìwádìí rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú kí ẹ tẹ R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ lọ sí Advanced, lẹ́yìn náà sí Settings tí ó wà lábẹ́ Startup and Recovery, kí ẹ yọ àmì kúrò lójú Automatically restart. Èyí kò wo àìsàn kankan o. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni pé bí ẹ bá tún pa ẹ̀rọ tí ó sì ṣubú, ojú náà yóò dúró kí ẹ lè kà á. Bí ẹ bá rí DRIVER_POWER_STATE_FAILURE níbẹ̀, ẹ̀rọ ti jẹ́wọ́: ọ̀kan nínú àwọn ògbufọ̀ ni kò jọ̀wọ́ iṣẹ́ nígbà tí a ní kí ẹ̀rọ sùn tàbí kí ó kú. Nígbà mìíràn orúkọ fáìlì ọ̀daràn náà yóò wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ó wá driver tuntun fún ẹ̀yà náà lọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ yín, tàbí kí ẹ dá a padà sí ti àtijọ́, bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí a pààrọ̀ rẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo. Nítorí fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fẹ́ fi iná sun gbogbo ilé.

Ohun kejì tí ó lè fà á ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni gírámà ti yọjú. Ní èdè wa, “pa” àti “pa mọ́” kì í ṣe nǹkan kan náà. Mo pa iná: iná kò sí mọ́. Mo pa owó mọ́: owó ń bẹ, ibi tí ó wà ni ẹ kò mọ̀. Nígbà tí Windows 8 jáde ní ọdún 2012, Microsoft mú ọgbọ́n kan wọlé tí wọ́n ń pè ní Fast Startup. Ó wà nínú Windows 10 àti 11 pẹ̀lú. Bí ó bá wà ní títàn, tí ẹ sì tẹ Shut down, Windows yóò ti àwọn ètò yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ tirẹ̀ gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní kernel, kì í kú. Yóò kọ ọ́ sínú fáìlì kan tí ń jẹ́ hiberfil.sys, kí ó bàa lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Ẹ rò pé ẹ pa á. Ó pa ara rẹ̀ mọ́ ni. Èyí tí ó tún yani lẹ́nu ni pé Restart, tí ó dà bí ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shut down, kì í lo ọgbọ́n yìí. Restart ni ó ń pa kernel pátápátá tí ó sì ń gbé e dìde lákọ̀tun. Ẹni tí ó bá túmọ̀ Shut down sí “pa” lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ, kò túmọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Lára àwọn ẹ̀rọ kan, pàápàá àwọn tí driver wọn ti dàgbà, ìpamọ́ yìí kì í lọ déédéé, ẹ̀rọ a sì dìde níbi tí ó ti yẹ kí ó sùn. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ di Shift mú lórí kíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ń tẹ Shut down, tàbí kí ẹ kọ shutdown /s /t 0 sínú Command Prompt. Pípa tòótọ́ ni méjèèjì. Bí ẹ̀rọ bá kú lọ́nà yìí tí kò jí, ẹ ti mú olè náà. Ẹ wọ Control Panel, ẹ lọ sí Power Options, sí Choose what the power buttons do, ẹ tẹ Change settings that are currently unavailable, kí ẹ yọ àmì kúrò lójú Turn on fast startup. Ohun tí ẹ ó pàdánù kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ.

(Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ má fi àmì ohùn ṣeré níbí o. “Ẹ̀rọ náà ti tán” àti “ẹ̀rọ náà ti tàn”, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Ẹni tí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ láìfi àmì sí i kò tíì sọ bóyá ẹ̀rọ kú tàbí ó jí.)

Àwọn ìdí tí ó kù, n ó sáré kà wọ́n. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máa jí ẹ̀rọ, máùsì náà lè jí i; bí ẹ bá kọ powercfg /devicequery wake_armed, yóò ka orúkọ gbogbo àwọn tí a fún ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì gba àṣẹ náà lọ́wọ́ wọn nínú Device Manager. Bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ lè há sínú nítorí eruku ọyẹ́. Nínú BIOS, ibìkan wà tí a ti ń sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí iná bá lọ tí ó sì padà dé. Bí wọ́n bá ti fi í sí pé kí ó máa tàn, kọ̀ǹpútà orí tábìlì yóò máa dìde fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí àwọn tí a ṣì ń pè ní NẸ́PÀ bá dá iná padà, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì máa gbàdúrà lé e lórí.

Ìdánwò kan wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ fọ́máàtì sí òun létí. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ wọ inú BIOS kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi kú, lẹ́yìn náà kí ẹ ká ọwọ́ kúrò. Bí ó bá tún dìde fúnra rẹ̀, Windows kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀, nítorí pé kò tíì jí nígbà náà. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni kí ẹ yẹ̀ wò: bọ́tìnnì, páwà, tàbí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Bí wọ́n fọ́máàtì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún, kò ní gbọ́.

Mo wá dé ibi tí ó bí mi nínú jù. Ìgbà mìíràn wà tí àìsàn náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ yín rárá. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe Windows ni ó ti wá. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Windows 98 Second Edition, tí ó jáde ní ọdún 1999, ní wàhálà pípa tó bẹ́ẹ̀ tí Microsoft fi ṣe àtúnṣe ọ̀tọ̀ fún un, tí wọ́n pè ní Shutdown Supplement. Ẹ bọ́ sí ìgbà tiwa. Ẹ mọ Update and shut down, èyí tí ó ń ṣèlérí pé òun yóò gba àtúnṣe tuntun sára, òun yóò sì kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ tí wọ́n sì ń bá ẹ̀rọ ní títàn láàárọ̀, bátìrì ti gbẹ. Ìparí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 ni Microsoft tó mú àtúnṣe rẹ̀ jáde fún Windows 11, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti yanjú ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kú lẹ́yìn Update and shut down. Kò pẹ́ kò jìnnà, àtúnṣe ààbò ti ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026 tún mú kí àwọn kọ̀ǹpútà kan tí ń lo Windows 11 23H2, àwọn tí Secure Launch wà ní títàn lára wọn, máa tún ara wọn tan dípò kí wọ́n kú. Ọjọ́ 17 ni òmíràn jáde láti tún ti àkọ́kọ́ ṣe.

Ẹ wá ro ó wò. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ lọ fún fọ́máàtì ní ọdún 2023 nítorí Update and shut down, kí ni wọ́n ṣe fún un? Wọ́n nu gbogbo ẹrù rẹ̀ nù, wọ́n tún gbé Windows sí i, Windows náà sì tún ní àbùkù tí ó ní lánàá. Àìsàn padà wá. Ẹrù kò padà wá.

Ẹrù wo? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a wà ní ẹ̀ka èdè. Ẹlòmíràn, bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá nù, fíìmù àti orin ni ó pàdánù, yóò sì tún wọn rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa lọ gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu ìyá arúgbó, ó gba ìjálá lẹ́nu ọdẹ, ó gba orúkọ ewé lẹ́nu adáhunṣe, ó fi oṣù mẹ́fà tẹ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo mọ ọ̀kan tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá a tún ẹ̀rọ ṣe bi í pé ṣé fáìlì rẹ̀ wà lórí Desktop; ó ní rárá, inú Documents ni. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kò sí wàhálà nígbà náà. Láṣẹ wo? Desktop àti Documents, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí wọn nípò, inú díìsìkì C kan náà ni wọ́n wà, díìsìkì C yẹn náà sì ni ó nù mọ́ tónítóní. Nígbà tí ọmọ náà padà sí abúlé, ìyá arúgbó ti re ibi àgbà ń rè. A lè tún Windows gbé sí ẹ̀rọ nígbàkígbà. Ohùn ìyá yẹn, ibo ni kí á ti lọ gbé e?

Wọn yóò ní, “Dókítà, ẹ̀yin ẹ jókòó sí ọ́fíìsì, ẹ kò mọ bí iṣẹ́ ṣe ń rí, fọ́máàtì ń ṣiṣẹ́.” N kò jiyàn pé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn: driver tí ó bàjẹ́ bá àwọn ohun rere lọ ni. Ẹni tí a bẹ́ lórí, orí kì í fọ́ ọ mọ́. Wọn yóò ní oníbàárà ń kánjú, kò sì sí ẹni tí yóò san owó ìwádìí. Òtítọ́ ni, ó sì yẹ kí a máa san án. Àwọn ọ̀gá wà ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà tí wọ́n ń fi mítà tẹ̀lé iná lórí bọ́ọ̀dù láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ títí wọn yóò fi bá ibi tí ó já. Kì í ṣe wọn ni mo ń bá wí.

Àwíjàre tí n kò ní gbà rárá ni èyí tí ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń kọ, nítorí náà kò ṣe é fi Yorùbá ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́. Kí ni mo ti ń ṣe bọ̀ láti òkè wá? Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì kò bínú. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde, tí ó fi hàn pé a lè jókòó kí á wá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ tuntun. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn lónìí: “Tẹ ibí. Tẹ ibẹ̀ yẹn. Ó ti bọ́ sí i.” Ibi tí a ń tẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, wọn kò kọ́ ọ ní ìdí tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí ó yẹ kí wọ́n pèsè ọ̀rọ̀ ìdí fún wọn sì wà níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá “ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá” sàn ju “kọ̀ǹpútà” lọ. Ẹ pè é ní èyí tí ó bá wù yín! Ẹ ṣáà sọ fún ọmọ iṣẹ́ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó bá kọ̀ tí kò kú.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ yín jáde nílé, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ yín kọ sí ibi méjì tí kì í ṣe inú ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Event Viewer, ẹ wọ Windows Logs, ẹ wọ System, kí ẹ wo àkókò tí ẹ pa ẹ̀rọ gan-an. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà 1074, ẹnìkan tàbí ètò kan ni ó pàṣẹ, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú bóyá pípa ni ó ní kí wọ́n pa á tàbí kí wọ́n tún un tan. Bí ó bá jẹ́ 41, ẹ̀rọ kò kú ikú wọ́ọ́rọ́. Bí ẹ bá rí 1001 tí wọ́n kọ BugCheck sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, Windows ṣubú, ohun tí ó gbé e ṣubú sì wà nínú àlàyé rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sí ìwé pélébé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí ẹnjiníà bá dárúkọ fọ́máàtì láì wo ìwé náà, ẹ kí i dáadáa, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn lọ.